Bàbá Kò-Gbà àti Ìdajì Ṣíbí Omi

Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ la fi ń kéde rẹ̀ pé káfíńtà olóògbé tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Kò-Gbà kì í gba ohun tí èèyàn bá kọ́kọ́ fi lọ̀ ọ́. Bí ẹ bá fún un ní àga, á ní àpótí tẹ́ òun lọ́rùn. Bí ẹ bá gbé àpótí wá, á bèèrè àga.

Ọ̀rọ̀ ahọ́n ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Jẹjẹrẹ mú un lọ́fun. Wọ́n fi ìtànṣán jó o títí àrùn náà fi lọ, ṣùgbọ́n ọ̀fun le gbandi bí awọ tó gbẹ. Nọ́ọ̀sì wá kọ́ ọ pé kó máa yọ ahọ́n síta, kó fi eyín dì í mú, kó sì máa gbé itọ́ mì bẹ́ẹ̀. Ó ń ṣe é lọ́wọ́ ní ìsọ̀ nígbà tí oníbàárà kan wọlé, tó sì dá owó ilẹ̀kùn. Ahọ́n Bàbá wà níta. Oníbàárà fowó kún un. Ahọ́n ò wọlé.

“Ẹ̀n-ẹ́n, Bàbá, ẹ má bínú, màá tún fi kún un!”

Kò tíì ta ilẹ̀kùn tó wọ́n tó bẹ́ẹ̀ rí, kò sì sọ gbólóhùn kan.

Nílé, ìyàwó rẹ̀ ló ń lọ oúnjẹ kúnná, ló ń fi ẹ̀tù ilé ìwòsàn po omi títí á fi ki bí oyin, torí omi ṣíṣàn tètè máa ń ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró.

“Ìyá wọn, omi tí mò ń fi ṣíbí bù yìí, ṣé wàá tún fi ọ̀bẹ gé e ni?”

“Ẹ tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà, kẹ́ ẹ gbé e mì.”

“Ṣíbí mẹ́ta péré.”

“Gbogbo abọ́ ni.”

“Kò gbà.”

Lákòókò yẹn, ó ti rù débi pé okùn ló ń bá a di ṣòkòtò mú.

Kó má bàa dá nìkan ṣe é, tìyàwó tọmọ ń tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà pẹ̀lú rẹ̀. Àna rẹ̀ kan wọlé, ó bá gbogbo ilé lórí ìtẹríba. Ó ṣí fìlà, ó dijú, ó dúró títí.

“Àmín o,” ló wí níkẹyìn.

Ẹ̀rín gbé Bàbá, oúnjẹ ta á lórí. Ilé ìwòsàn ni wọ́n sùn mọ́jú.

Dókítà ní oúnjẹ ti ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ó ní kí wọ́n ki rọ́bà tí oúnjẹ yóò máa gbà sí i níkùn, kí nǹkan kan má gba ẹnu mọ́.

“Kò gbà,” ni Bàbá wí.

Ìyàwó rẹ̀, tí kì í gbóhùn sókè, figbe ta: “Ṣé torí ṣíbí lẹ ṣe fẹ́ sọ mí dopó?”

Bàbá wò ó, ó wò ó. Ó ní kí wọ́n ki rọ́bà náà.

Rọ́bà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró ò gbóògùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ètè rẹ̀ gbẹ, ó là.

“Ìyá wọn, omi. Èyí tó ń ṣàn. Ife kan.”

“Ẹ ò ní fi mí ṣe ìyẹn.”

“Ṣíbí kan, nígbà náà.”

“Ìdajì!”

Ó ti jáde lẹ́nu ìyàwó kó tó mọ̀. Ẹni tó bá ti dá iye ti tajà. Ó bu ìdajì ṣíbí omi sí i lẹ́nu. Bàbá fúnra rẹ̀ ló tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà. Ó gbé e mì. Kò wúkọ́.

“Ó tutù,” ló wí, ó sì di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú.

Kílẹ̀ tó mọ́, ó ti lọ.

Níbi tí wọ́n ti ń kí ìyàwó rẹ̀ kú ará fẹ́ra kù, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ahọ́n, òun náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kò rẹ́ni bi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọjà ná, ìdajì ṣíbí yẹn, ṣé ó pọ̀ jù ni, àbí ó kéré jù?