Ológbò Tí Ìyá Àgbà Ò Jẹ́ Kó Kú

Ariwo abọ́ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Gbogbo abọ́ tánganran tí Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, tò jọ sórí pẹpẹ inú yàrá ẹ̀yìn ló ń já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọmọrí wọn sì ń yí gbirigbiri jáde tọ̀ wá wá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni a ti gbọ́ igbe kan tó tín-ín-rín, tó sì gùn, bí igbe ọmọ tuntun. Ológbò wa wà lábẹ́ pẹpẹ.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni. Òórùn àlùbọ́sà àti ẹja díndín gba inú àgbàlá. Ìyá Àgbà ń ṣa ẹ̀wà lórí àpótí rẹ̀, ó sì fi àtẹ ẹ̀wà náà sílẹ̀ kó dà nù, ó ti dé yàrá ẹ̀yìn kí bàbá mi tó wọ bàtà.

"Ẹ má fà á o!" ló pariwo. "Pákó ni kí ẹ gbé sókè. Ẹ má fọwọ́ kan ẹranko."

Bàbá mi àti màmá mi gbé pákó náà. Ìyá Àgbà kúnlẹ̀ sáàárín àwọn abọ́, ó tú ìborùn ọrùn rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó sì rọra ti ológbò náà sórí rẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì rọ̀ dọ̀bọ̀lọ̀ bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ sómi. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ rekete, kò sì ké mọ́.

Ó yẹ kí n sọ pé Ìyá Àgbà ò fẹ́ràn ológbò yẹn rárá. Adjamé, ní ìlú òkèèrè kan tí wọ́n ti ń sọ Faransé, ni à ń gbé nígbà náà, nínú àgbàlá tí àwa àti àwọn ará ilé mìíràn jọ ń lo ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ iná mànàmáná, ibi iṣẹ́ ní àdúgbò Biétry ló ti rí ológbò náà. Obìnrin òyìnbó kan ń kó ẹrù padà sí ìlú rẹ̀, ó ní kí bàbá mi gbà á. Ológbò náà sanra, irun rẹ̀ pupa bí eruku, kò sì gbọ́ ju Faransé lọ. Tí Ìyá Àgbà bá fẹ́ kírun ní àárọ̀, yóò bá a lórí ẹní ìkírun rẹ̀.

"Dìde ńbẹ̀!"

Ológbò á kàn máa wò ó.

"Ẹ bá a sọ Faransé, Ìyá," ni màmá mi máa ń wí, á sì máa rẹ́rìn-ín.

"Nínú ilé ara mi? Ológbò tí kì í pa eku, tó jẹ́ sàdínì inú agolo ló ń jẹ, òun ni n ó tún máa sọ Faransé fún?" Á yíjú sí mi. "Àti ìwọ náà."

Òótọ́ ló sọ. Gbogbo Yorùbá tí wọ́n bá bá mi sọ ni mò ń gbọ́, ṣùgbọ́n Faransé ni mo fi ń dáhùn. Ṣakí ni wọ́n ti bí Ìyá Àgbà, ó sì ti pẹ́ gan-an tó ti ń ta abọ́ ní ọjà Adjamé. Ó gbọ́ Jùlá, èdè ọjà ibẹ̀, dáadáa, ó sì gbọ́ Faransé tó lè fi tajà. Yorùbá ló fi ń bá mi jà.

Ní ọjọ́ tí pẹpẹ wó yẹn, bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ẹ̀yìn ológbò náà, ó mi orí.

"Ìyá, kò dájú pé èyí yóò yè é. Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ."

"Kí o gbé e lọ síbo?"

Bàbá mi yíjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Pẹpẹ mi ló wó lù ú," ni Ìyá Àgbà wí. "Ọjà mi ló ṣe é léṣe. Kò ní kú."

"Ṣùgbọ́n ẹ̀yin gan-an ò fẹ́ràn rẹ̀."

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́ níbí? Ohun tó bá ń jẹun nínú ilé mi, tó bá ṣubú, a máa gbé e dìde ni."

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá mi ti lọ síbi iṣẹ́, màmá mi sì ní aṣọ tó gbọ́dọ̀ rán parí. Ìgbà ìsinmi ni, kò sí iléèwé, nítorí náà èmi ni Ìyá Àgbà mú dání. Ó tẹ́ aṣọ sínú agbọ̀n, ó gbé ológbò náà sí i, ó fi ìborùn bò ó, a sì lọ wọ gbáká, ọkọ̀ akérò kékeré. Ọmọkùnrin tó ń pe èrò lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ rí ìrù tó yọ jáde.

"La vieille, pas de chat!" ló ké, pé kí ìyá arúgbó má gbé ológbò wọ ọkọ̀.

Ìyá Àgbà ti jókòó. Ó gbé agbọ̀n lé itan, ó wojú ọ̀nà níwájú, ó sì fi Jùlá dá a lóhùn pé aláìsàn ni òun ń gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà, pé tí ọmọkùnrin náà bá fẹ́ sọ aláìsàn kalẹ̀, kó wá gbé e fúnra rẹ̀. Àwọn obìnrin inú ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bú ọmọkùnrin náà. Ọkọ̀ gbéra.

Ọ̀dọ́kùnrin ni dókítà ẹranko náà, ohùn rẹ̀ tutù. Ó tẹ ikùn ológbò náà, ó ya àwòrán egungun rẹ̀, ó wá jókòó tì wá. Egungun ìbàdí ti fọ́, bó ṣe wí. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́, ó wá fi Faransé sọ pé òun lè mú un sùn kó má baà jìyà mọ́. Ìyá Àgbà yíjú sí mi. Mo wá ọ̀rọ̀ Yorùbá méjì péré jọ.

"Kó sùn."

"Ó dáa," ni Ìyá Àgbà wí. "Oorun á dín ìrora kù." Ó mi orí sí dókítà pé òun gbà.

Dókítà dìde, ó lọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ọ̀nà tó gbà wò wá kó tó dìde ni kò jẹ́ kí ara mi balẹ̀. Mo bi í léèrè ní Faransé bóyá ológbò náà máa jí lẹ́yìn náà.

"Non, ma petite," ló wí jẹ́jẹ́.

N kò mọ ibi tí Yorùbá náà ti wá. Mo di aṣọ Ìyá Àgbà mú. "Ìyá Àgbà, kò ní jí! Oorun tó ń sọ yẹn, kò ní jí mọ́! Wọ́n fẹ́ pa á ni!"

Ìyá Àgbà na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bo ológbò náà lórí tábìlì. "Sọ fún un pé a ò wá fún ìyẹn. Bi í pé kí ni ènìyàn lè ṣe, bó ti wù kó le tó."

Mo bi í. Dókítà náà padà jókòó, bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn pé wọ́n bi òun bẹ́ẹ̀, ó sì ṣàlàyé. Kí a fi í sínú àpótí tí kò ti ní lè fò, kí egungun lè padà jọ. Kí a máa tẹ ikùn rẹ̀ jẹ́jẹ́ kó lè tọ̀. Kí a máa fún un ní oògùn ìrora. Tó bá yá, kí a máa na ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó kìlọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó má rìn mọ́ láé. Mo ń túmọ̀ rẹ̀, mò ń ṣi ọ̀rọ̀ pè, Ìyá Àgbà ò sì rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí a padà dé ibùdókọ̀ ló tó wò mí. "Àṣé o lẹ́nu, ọkọ mi."

Àpótí onígi tí wọ́n fi ń kó abọ́ wá ló di ilé ológbò náà. Ìyá Àgbà kò fi í sílé. Àràárọ̀ ló ń gbé e lọ sọ́jà, ó ń fi í sábẹ́ òjìji ìsọ̀ rẹ̀, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Èmi ni mò ń gbé apá kejì àpótí. Àwọn obìnrin Jùlá tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa á dúró, wọ́n á béèrè jakuma, bí wọ́n ṣe ń pe ológbò, wọ́n á sì gbàdúrà pé kí ara rẹ̀ yá. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà á lu abọ́ kí oníbàárà gbọ́ pé ó le, á gba owó, á tún bẹ̀rẹ̀ láti tẹ ikùn ológbò, á fọ ọwọ́, á sì padà sẹ́nu ọjà.

Ìgbà kan wà tí ológbò náà kọ oúnjẹ. Irun rẹ̀ gbó, imú rẹ̀ gbẹ, ó kọjú sí igi àpótí. Bàbá mi wò ó títí, ó ní, "Ìyá, ẹ ti gbìyànjú."

"Mo ṣì ń gbìyànjú," ni Ìyá Àgbà dáhùn. Ó yan ẹja, ó yọ egungun rẹ̀, ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pò ó pọ̀, ó sì fi pa àtẹ́lẹsẹ̀ iwájú ológbò náà. "Kò ní lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀ ní ìdọ̀tí. Ológbò ni." A jókòó, a ń wò ó. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ahọ́n pupa kékeré yọ, ó lá ẹsẹ̀. Ìyá Àgbà tún fi ẹja sí i. Kò yọ̀, ó kàn ń fi ẹja sí i ni.

Nígbà tí dókítà ní ó tó láti máa rìn, Ìyá Àgbà ká ìborùn gba abẹ́ ikùn rẹ̀, ó di etí ìborùn náà méjèèjì mú lókè, ó sì ń mú un rìn gba àgbàlá kọjá, ìyá arúgbó tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tẹ̀lé ológbò. "Gbé e. Rọra. Ìyẹn dáa. Gbé èkejì." Tí ẹ̀yìn bá ń ro Ìyá Àgbà, èmi ló ń fún ní ìborùn náà dì mú. Èmi náà ń sọ ọ́: gbé e, rọra, ìyẹn dáa. Àwọn ọmọ àgbàlá ń fi wá ṣẹ̀sín ní Faransé, mo sì ń fi Yorùbá lé wọn sẹ́yìn láìmọ̀ pé mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, aládùúgbò wa kan, obìnrin ará Benin tí ohùn rẹ̀ le, dé ẹnu ọ̀nà wa pẹ̀lú ìbínú.

"Ìyá, ológbò yín jí ẹja mi!"

Ìyá Àgbà dìde. "Ẹja wo?"

"Ẹja tí mo dín tán! Mo kàn lọ pọn omi ni."

"Ibo lẹ gbé e sí?"

"Orí tábìlì mi ni."

"Tábìlì gíga yẹn? Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé?"

"Òun náà ni!"

"Ṣé ẹ fi ojú yín rí i pé ó fò?"

"Mo rí i, Ìyá! Ó fò gòkè, ó gbé orí ẹja, ó fò sọ̀ kalẹ̀!"

Ìyá Àgbà fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Obìnrin náà rò pé ìtìjú ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kò burú tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èjìká Ìyá Àgbà ń gbọ̀n, omijé sì ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde. "Alihamudulilahi," ló ń wí, "ó fò. Ó fò." Lọ́jọ́ kejì ó ra odindi ẹja fún obìnrin náà, èyí tó tóbi jù lọ nínú igbá ẹlẹ́ja.

Ológbò náà ń tiro títí ó fi kú, lẹ́yìn ọdún púpọ̀, nínú oorun ọ̀sán. Ìyá Àgbà ti padà sí Ṣakí nígbà náà, ibẹ̀ ni òun náà sì kú sí.

Mo ti di ìyá ọmọ báyìí, Songon ni mò ń gbé. Ọmọ mi àkọ́kọ́ kò dúró dé oṣù rẹ̀ kí n tó bí i. Inú àpótí onígíláàsì ni wọ́n tẹ́ ẹ sí ní ọsibítù, ó kéré débi pé ẹ̀rù ń ba àwọn ẹbí láti bẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ń pè mí lórí fóònù ṣáá: ṣé yóò yè? Kí ni dókítà wí? N kò mọ̀, n kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ohun tí mò ń bi àwọn nọ́ọ̀sì ní gbogbo àárọ̀ ni ohun tí mo lè ṣe. Wọ́n ní kí n fún wàrà, mo fún un. Wọ́n ní kí n gbé e lé àyà, mo gbé e lé e. Wọ́n ní kí n máa bá a sọ̀rọ̀, mo sì bá a sọ̀rọ̀, ní Yorùbá, láti òwúrọ̀ títí wọ́n á fi ní kí n máa lọ sílé.

Ọmọ náà yè. Bí kò bá sì yè, n ó ti ṣe gbogbo rẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà. Ìyá Àgbà ò kọ́ mi pé ohun tí a bá tọ́jú kì í kú. Ó kọ́ mi pé a kì í gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn nígbà tí ó ṣì ń mí.