Ọta Mẹ́ta tí Fẹ̀yìntọlá Fi Pamọ́

Ẹ̀gbọ́n mi Fẹ̀yìntọlá kì í sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá kí i láàárọ̀, ẹ lè ti dé odò kó tó dáhùn. Ìyàwó rẹ̀ a máa ní igi ìrókò ni òun fẹ́, ó kàn ń jẹ iyán ni. Ṣùgbọ́n nínú igbó Bọ́lọ́rundúró, kò sí ọdẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́ tó tirẹ̀. Òun ló ń pa ẹran, èmi Àbẹ̀kẹ́ ni mò ń yan án, tí mò ń tà á létí títì tó lọ láti Oǹdó sí Àkúrẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba a yọ orí lójú fèrèsé ọkọ̀, wọ́n á ní, "Ìyá ọlọ́yà, ṣé ó sanra?" Èmi náà á ní ó sanra ju ẹ̀yin lọ. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á rà á.

Bàbá Oríọlá ló kọ́ ẹ̀gbọ́n mi níṣẹ́ ọdẹ. Ọmọ Àkúrẹ́ ni bàbá yìí, oko kòkó ló gbé e wá sí ìtòsí wa. Nígbà tí bàbá wa kú, tí àwọn ẹbí ń wojú ara wọn, òun ló fa ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ lọ sí ahéré rẹ̀. Ó bọ́ ọ, ó wọ̀ ọ́ láṣọ, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka ẹsẹ̀ ẹran nínú ẹrẹ̀. Ìbọn tí Fẹ̀yìntọlá ń gbé títí di òní, ọwọ́ rẹ̀ ló ti gbà á. Nígbà tí ẹsẹ̀ bàbá kò gbé e mọ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Adéjọkẹ́, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, wá mú un lọ sí ilé rẹ̀ ní Àkúrẹ́.

Lẹ́yìn náà ni Kòrónà dé. Wọ́n ti ti bodè kí àrùn náà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún wá ní kónílé ó gbélé, bí ọta ìbọn ṣe di góòlù nìyẹn. Ẹni tó ń tà á fún àwọn ọdẹ wa ní Oǹdó ní òun ò rí rà. Nígbà tó sì rí díẹ̀, owó tí wọ́n fi ń ra odidi páálí kan tẹ́lẹ̀ kò fẹ́ ra ẹyọ méjì mọ́. Wọ́n bínú sí i, ó ní kí wọ́n lọ bá Kòrónà jà. Àwọn ọdẹ gbé ìbọn kọ́ ògiri, wọ́n dojú kọ tàkúté. Àwọn òyà wá ń jẹ gbàgúdá wa bí ẹni jẹ ogún bàbá rẹ̀. Igi tí mo fi ń so ẹran létí títì ṣófo, ẹja yìnyín ni mo wá ń tà.

Ẹ̀gbọ́n mi ta ewúrẹ́ rẹ̀, ó fi ra ọta mẹ́ta. Ó dì wọ́n sínú ọ̀rá, ó kì wọ́n sábẹ́ àjà. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi wọ́n ṣe tí kò fi gbé wọn lọ sígbó.

"Ti Bàbá ni," ló wí.

Nínú ẹgbẹ́ ọdẹ tiwọn, bí ọdẹ bá kú, wọ́n á yìnbọn nígbà tí òkú bá ń jáde nílé, wọ́n á yìn ín lójú ọ̀nà, wọ́n á tún yìn ín nígbà tí wọ́n bá bo ilẹ̀ sàréè.

"Bàbá tí kò tíì kú!" Mo pariwo mọ́ ọn. "Ẹ̀yin ẹ ti ń sìnkú rẹ̀?"

"Ara rẹ̀ ò le, Àbẹ̀kẹ́. Bó bá ṣẹlẹ̀ lójijì, níbo ni n ó ti rí ọta? Ọdẹ tí a bá sin láìyìnbọn, ikú ewúrẹ́ ló kú."

Kí n má purọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí létí.

Kò pẹ́ tí Adéjọkẹ́ fi pè wá lórí fóònù. Ó ní Bàbá ò jẹun mọ́. Ẹ̀kọ, wọ́n dà á nù. Ẹja, ó ní ó ń rùn. Ó ní òyà ni òun fẹ́ jẹ, òyà tí Fẹ̀yìntọlá pa. Mo wá a kiri títì títí ẹsẹ̀ fi wú, kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n mi dẹ tàkúté yí oko po, àfi ọ̀kẹ́rẹ́ kan tí kò tó ẹnu.

Ó gbé ìbọn àti ọta kan lọ sígbó láàárọ̀ ọjọ́ kan. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà. Òyà ńlá kan jáde síwájú rẹ̀, ó jókòó, ó ń jẹ èèsún. Ó na ìbọn sí i. Ó ní bí òun bá yìn ín, méjì ló kù, ìsìnkú Bàbá á sì di àbùkù. Ó sọ ìbọn kalẹ̀. Ó ní ó ṣe tán, tàkúté òun á mú òmíràn.

Tàkúté ò mú nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n dẹ kónílé-ó-gbélé díẹ̀, èmi àti òun lọ sí Àkúrẹ́, a gbé adìyẹ kan dání. Bàbá ti gbẹ bí ewé kókò ọ̀gbẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì mú. Ó wo adìyẹ náà, ó wo ẹ̀gbọ́n mi.

"Fẹ̀yìntọlá, ẹran ugbó ni mo ní ẹ mú wá. O ò rí òyà ni?"

Wọn kì í purọ́ ẹran fún ọ̀gá ẹni. Bí o bá rí i, o ní láti sọ pé o rí i.

"Mo rí i, Bàbá."

"O tàsé?"

"N ò yìn ín, sà."

"Kí ló dé?"

Ta ni í wí fún àgbà tó dùbúlẹ̀ àìsàn pé ìsìnkú yín ni mo ń tọ́jú ọta dè? Ẹ̀gbọ́n mi dojú kọlẹ̀. Mo fẹ́ sọ ọ́, ẹnu mi ò gbà á.

"Mo gbọ́ pé ọta ti wọ́n," ni Bàbá wí. "Kò burú." Ó yí ojú sí ògiri. Adìyẹ tí a sè, kò fẹnu kàn án. Ọ̀sẹ̀ náà kò parí tó fi kú.

Wọ́n ní kí èrò má pọ̀ níbi ìsìnkú, ìtòsí ilé Adéjọkẹ́ ni wọ́n sì gbẹ́ sàréè sí. Àwọn ọdẹ díẹ̀ tó wá gbé ìbọn òfìfo kọ́ èjìká, wọ́n fi ìbòmú bo ẹnu, wọn ò lè wo ojú ara wọn. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló ní ọta. Ó yìn ín nígbà tí pósí ń jáde. Ó yìn ín lójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n bo ilẹ̀, ó yìn ín lẹ́ẹ̀kẹta, ó dún débi pé àwọn tí wọ́n sé mọ́lé ṣí fèrèsé. Àwọn ọdẹ ní, "Fẹ̀yìntọlá, o ṣe ọmọ! Bàbá ò kú ikú ẹ̀sín." Òkú ò mọ iye a ragọ̀, wọ́n sì ń yin ẹ̀gbọ́n mi.

Adéjọkẹ́ rìn wá bá a. Èéfín ìbọn ò tíì kúrò láfẹ́fẹ́. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ti ẹni tó ń bèèrè ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé àwọn ọta yìí wà lọ́wọ́ yín nígbà tí Bàbá ní kí ẹ pa òyà wá?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní bẹ́ẹ̀ ni.

Adéjọkẹ́ wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀, ó ní ẹ ṣeun, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Fẹ̀yìntọlá jókòó sórí ilẹ̀ tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bò, ó ń sunkún bí ọmọdé, ó ń wí pé, "Bàbá, ẹ̀yin ni mo tọ́jú ẹ̀ fún." Èmi ni mo gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀.