Aránṣọ àti Ògbufọ̀ Rẹ̀

Ìyá aránṣọ a máa yin ọmọ rẹ̀ kiri pé ó mọ́ tónítóní: bó bá ti jẹun tán, balùwẹ̀ ló kàn. Kò mọ̀ pé ńṣe lọmọ òun ń ki ìka bọ ọ̀fun níbẹ̀, kó lè bi gbogbo ohun tó jẹ.

Látàárọ̀ ni ọmọ aránṣọ yìí ń fi tépù wọn ìbàdí ẹlòmíì. Tirẹ̀, tó kún dáadáa, kò fẹ́ rí i sójú. Á febi pa ara rẹ̀ títí, lẹ́yìn náà á wá jẹ àjẹkì. Ọjọ́ tí òòyì gbé e lulẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó mọ́kàn le, ó tọ dókítà lọ.

Dókítà wo àwọ̀ rẹ̀, ó wo orúkọ rẹ̀, ó ránṣẹ́ pe ògbufọ̀. Bẹ́ẹ̀, ìlú dókítà yẹn gan-an ni wọ́n bí aránṣọ sí. Èdè dókítà ló fi kàwé, òun ló sì fi ń lálàá.

Ògbufọ̀ dé, bàbá olóhùn jẹ́jẹ́ kan, ọmọ ìlú àwọn òbí rẹ̀. Ọmọlúàbí ni, ìyẹn gan-an sì ni wàhálà. Aránṣọ fi èdè dókítà sọ ọ́ ketekete pé òun ń mọ̀ọ́mọ̀ bì. Ojú ògbufọ̀ ni dókítà ń wò. Bàbá wúkọ́, ó ní inú ló ń run ọmọ náà díẹ̀.

Ara tu dókítà. Ó ní ẹ̀rù ti fẹ́ ba òun, àfi bí ẹni pé àìsàn àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ilẹ̀ àwọn ni. Ó ní àwọn ẹ̀yà aránṣọ kì í ṣàìsàn oúnjẹ, wọ́n mọ oúnjẹ jẹ. Kó dín epo kù, kó máa rìn.

Aránṣọ yíjú sí bàbá. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sọ ohun tí mo sọ."

"Ọmọ mi, àṣírí wa ni mò ń bò."

"Èmi ló wà lábẹ́ ohun tẹ́ ẹ fi ń bò ó, bàbá. Mi ò rí èémí mí."

Bàbá yíjú sí dókítà, ó sọ ọ́ bó ṣe rí. Dókítà fò dìde bí ẹni gbọ́ ìròyìn tuntun, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ògbufọ̀, ó ní òye rẹ̀ pọ̀.

Aránṣọ dúró pẹ́ kó tó kàn án lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú àìsàn náà. Olùtọ́jú kọ́kọ́ bi í bóyá ó gbọ́ èdè ìlú náà. Ó ní òun gbọ́ díẹ̀.

Ìtọ́jú náà ń ràn án lọ́wọ́. Àìsàn ọ̀hún kò tíì yé ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá jẹun tán báyìí, á jókòó tì í, á máa rojọ́ àwọn ará àdúgbò. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹjọ́ náà a máa dùn débi pé aránṣọ á gbàgbé láti dìde.