Ọgbà Bingerville tí mi ò bá wọn lọ

Ẹ̀ṣọ́ ọgbà kan kí mi lónìí, ojú sì tì mí débi pé mi ò lè gbórí sókè.

Láti ọgbọ̀n ọdún tí mo ti wà ní Abidjan, òní ni mo kọ́kọ́ bá ìyá àwọn ọmọ mi lọ sí ọgbà igi ní Bingerville.

Bí a ṣe dé ẹnu ọ̀nà, bàbá ẹ̀ṣọ́ náà fò dìde, ó pe ìyàwó mi ní àǹtí lédè wọn:

“Tanti! Ó mà pẹ́ o! Àwọn ọmọ ńkọ́?”

Ó yíjú sí mi.

“Ṣé bàbá wọn tó máa ń rìnrìn-àjò nìyí?”

Ìrìn-àjò wo? Nígbà tí àwọn ọmọ ṣì kéré, ní gbogbo ọjọ́ Àìkú tí obìnrin yìí ń di ìrẹsì, tó ń kó ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ bọ́ọ̀sì wá síbí, ìdí ayò ni mo wà ládùúgbò wa ní Treichville. Bó bá ní ká jọ lọ, màá ní, “Èmi kì í ṣe alárìnkiri bíi tìẹ.”

Àṣé ó ti ń bá mi bo àṣírí látọjọ́ yìí.

Ìyàwó mi dá a lóhùn:

“Òun ni. Ó ti dé.”

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ka èyí, ẹ gbọ́ irọ́ ìrìn-àjò yẹn lẹ́nu ìyá yín nígbà náà, ẹ sì dákẹ́. Ẹ sọ ọ́ fún mi níbí, lójú gbogbo ayé: kí lẹ máa ń rò nípa mi?