Apá Kejì Ọ̀kín

Àyà ẹyẹ náà ń lù kì-kì-kì lábẹ́ ọwọ́ mi, ó gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Àlùmọ́gàjí wà ní ọwọ́ mi kejì. Màmá jókòó sórí àpótí, wọ́n gbé ọ̀kín wọn lé itan, wọ́n fi ìborùn bò ó lójú kó má baà jà, wọ́n sì na apá rẹ̀ ọ̀tún sí mi. Òórùn ìyẹ́ àti àgbàdo gbígbẹ gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé.

Màmá kì í ṣe ìyá mi, wọn kì í sì í ṣe ìyá ìyá mi. Ilé wọn ló kángun sí tiwa ní Ìwó, lẹ́bàá ilé ìwé míṣọ̀n tí wọ́n ti ṣe tíṣà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ojú wọn ti ń ṣú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pè mí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà.

Ọ̀rọ̀ ẹyẹ yìí ti di wàhálà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti fo ògiri kọjá sọ́dọ̀ Àfáà tó wà lẹ́yìn ilé, tó tú ebè tẹ̀tẹ̀ wọn ká. Àfáà kò bá Màmá jà, wọ́n kàn rán ọmọ kéwú kan wá pé tó bá tún dé, àwọn ò ní dá a padà mọ́. Bẹ́ẹ̀, ẹyẹ náà nìkan ni Màmá ń bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́.

Kí a tó gé ìyẹ́ apá rẹ̀ kó má baà lè fò mọ́, wọ́n kọ́ mi bíi pé a wà ní kíláàsì. Èmi rò pé ìrù olójú púpọ̀ yẹn ló ń gbé ọ̀kín fò. Wọ́n ní oge lásán nìyẹn, pé ìrù gidi kúrú, ó sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀, òun ló ń ti oge náà ró. Wọ́n wá fi ìka ka ìyẹ́ mẹ́wàá tó gùn ní etí apá, tó pọ́n bí obì. Àwọn yẹn ló ń gbé e. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ bá ṣì wà nínú igi rẹ̀, n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

"Apá kan péré o," ni wọ́n wí. "Tí méjèèjì bá dọ́gba, á ṣì fò. Tí ọ̀kan bá gùn ju èkejì lọ, á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á jábọ́."

Mo gé e. Ẹyẹ náà na apá méjèèjì, mo sì rí bó ṣe rí, inú mi bàjẹ́. Ìbejì ni mí. Nílé wa, tí wọ́n bá ra bàtà fún mi, wọ́n á ra ti ẹnìkejì mi. Tí wọ́n bá nà án, pàṣán á kàn mí náà. Ọdún yẹn ni wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá wa ní Ilé-Ogbó, n kò sì tíì mọ bí èèyàn ṣe ń dá sùn.

"Màmá, èkejì ńkọ́?" Mo ti ń sunkún.

Wọ́n fọwọ́ pa ẹyẹ náà lórí títí, wọ́n wá yí i padà, wọ́n na apá òsì sí mi. Mo gé e.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀kín gun ògiri, ó na apá tó dọ́gba, ó fò. Kò yà sọ́dọ̀ Àfáà. Ọlọ́kadà kan ní òun rí i lójú ọ̀nà Olúpọ̀nnà, a kò tún gbúròó rẹ̀ mọ́. Mo kúnlẹ̀, mo ń bẹ̀bẹ̀. Màmá ní kí n dìde, kí n wá jẹun. Àgbàdo ẹyẹ náà ṣì wà nínú abọ́ fún ọjọ́ mélòó kan.

Màmá ti ṣaláìsí báyìí, n kò sì lè bi wọ́n mọ́. Ṣé wọ́n gbàgbé ni? Tíṣà kì í gbàgbé ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọmọ. Ṣé ẹkún mi ni wọn ò lè fara dà ni, àbí àwọn náà ti ń fẹ́ kó lọ? Mo lè gba ọ̀kan gbọ́ lónìí, tó bá dọ̀la, màá gba òmíràn.

Mo ń sin adìẹ báyìí, èmi ni mo sì ń gé ìyẹ́ wọn. Apá kan ni mo ń gé, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Síbẹ̀, kí n tó jọ̀wọ́ adìẹ, ọwọ́ mi á ti yí i padà, màá na apá kejì, màá máa wò ó.