Ìyá ọkọ mi gba kọfí mi

Ẹ gbà mí o, ìyá ọkọ mi ti gba kọfí lọ́wọ́ mi!

Èso kọfí ni mo máa ń rà, inú ike tó dé pinpin ni mo ń kó o sí. Ìgbà tí mo bá fẹ́ mu ún ni mo máa ń lọ̀ ọ́, kí adùn rẹ̀ má baà lọ.

Láàárọ̀ yìí, ní Ìgàndò níbí, bí mo ṣe ní kí n lọ̀ ọ́ báyìí, iná lọ!

Màmá ní, "Torí èyí lo ṣe fajú ro? Gbé odó kékeré wá jàre."

Wọ́n gún un, ó ta sánsán dé ọ̀dọ̀ onílé.

Mo fi omi gbígbóná pò ó, mo bu díẹ̀ fún wọn. Wọ́n dijú.

"Ìyàwó mi, ohun tí ò ń dá mu látọjọ́ yìí nìyí?"

Ife mẹ́ta ni wọ́n mu!

Ẹ dá sí i o: ṣé kí n gbé ike yìí pamọ́ ni, àbí kí n ra tiwọn lọ́tọ̀?