Aṣọ Iléyá Tó Kù Lọ́dọ̀ Télọ̀

Ẹ̀yin tèmi, ẹ jókòó díẹ̀, kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní Ajégúnlẹ̀ kí ọdún 1990 tó wọlé. Ó ti pẹ́, àmọ́ ìtìjú rẹ̀ ò tíì kúrò lára mi.

Ṣé ẹ ti rí i rí kí oníbàárà máa sá fún télọ̀? Télọ̀ ló máa ń sá, àbí? "Ẹ padà wá lọ́la," ọ̀la ò sì ní dé! Èmi ni mo yí i padà. Odindi oṣù méjì ni mo fi sá fún Godwin, télọ̀ ará Wàrí tó ní ṣọ́ọ̀bù ní ìbùdókọ̀ Boundary, bẹ́ẹ̀ mo ti san owó iṣẹ́ rẹ̀ tán.

Ohun tó fà á nìyí. Rùkáyátù, ọmọ kan ṣoṣo tí èmi àti ìyàwó mi Sílífá bí, ọmọ ọdún méje, ibà ọjọ́ mẹ́ta ló mú un lọ. Iléyá ku ọ̀sẹ̀ méjì.

Kí a tó ti ilé ìwòsàn dé, àwọn ará ilé ti palẹ̀ gbogbo nǹkan rẹ̀ mọ́: sálúbàtà, síléètì, ife tó fi ń mu ẹ̀kọ. Wọn ò jẹ́ ká mọ ibi tí wọ́n sin ín sí, nítorí òbí kì í mọ sàréè ọmọ. Bàbá onílé ní ká má sunkún mọ́, omi ló dànù, agbè ò fọ́. Lóòótọ́, agbè ò fọ́. Àmọ́ ó sán, ó ń jò, kò sì sí ẹni tó wo ìdí rẹ̀.

Bàbá Rùká ni gbogbo ilé ń pè mí tẹ́lẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo di "Ẹ̀gbọ́n." Kò sí ẹni tó dárúkọ ọmọ náà mọ́, títí kan èmi àti Sílífá. A máa jẹun, a máa kí ara wa, a máa kọjú sí ògiri sùn.

Ohun kan ṣoṣo ni àwọn tó palẹ̀ ilé mọ́ gbàgbé. Aṣọ Iléyá Rùká, léèsì yẹ́lò, ṣì wà lọ́dọ̀ Godwin. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jìnnà sí àdúgbò wa, kò sì gbọ́ pé ọmọ ti kú.

Iṣẹ́ ẹrù jíjá ni mo ń ṣe ní wáàfù, èbúté ọkọ̀ òkun, ní Àpápá. Mo máa ń dúró lábẹ́ kíréènì tó gbé ẹrù kọ́ sókè, mi ò ní ṣẹ́jú. Àmọ́ tí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, tí mo dé ìtòsí Boundary, mo máa yà gba ẹ̀yìn ilé onílé, mo máa fo gọ́tà, kí ọkùnrin tó mú abẹ́rẹ́ dání má baà rí mi. Akin ni mí, àbí?

Ọwọ́ tẹ̀ mí lọ́jọ́ kan tí òjò kún gọ́tà. Kò sí ọgbọ́n, mo gba ojú títì.

"Baba Ruka!" Godwin ló ń pariwo láti inú ṣọ́ọ̀bù. "Since Sallah! Come carry your pikin cloth now! Abi she dey vex for me?"

Bàbá Rùká! Oṣù méjì ni mi ò ti gbọ́ ọ. Ẹnu mi kàn là, irọ́ jáde: mo ní Rùká wà ní Ìsẹ́yìn lọ́dọ̀ ìyá mi, kó jẹ́ kí aṣọ náà ṣì wà níbẹ̀ títí tó fi máa dé. Godwin ní kò burú, ọmọdé ń dàgbà, òun ti ṣẹ́ etí aṣọ náà sínú dáadáa, òun á tú u kó gùn sí i tó bá dé.

Ó yẹ kí n sá lọ pátápátá, àbí? Rárá o! Lọ́jọ́ kejì mo tún lọ. Lọ́jọ́ kẹta náà ńkọ́? Mo lọ. Mo máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì, Godwin á béèrè ọmọ lọ́wọ́ mi, èmi náà á máa ròyìn. Rùká ti ń lọ iléèwé Kéú. Eyín iwájú Rùká ti yọ méjì. Rùká ń bá ìyá mi pọn omi láàárọ̀. Bí mo bá ti ń sọ ọ́, ara mi á yá gágá. Bí mo bá ti dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó tún ti kú. Ojoojúmọ́ ni mo ń sin ín lójú títì, láàárín èrò.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo wọlé, mo rí léèsì yẹ́lò náà lórí bẹ́ẹ̀dì, Sílífá jókòó tì í. Mo ní ó parí, obìnrin yìí máa kó ẹrù rẹ̀ lónìí. Kí ni akin wá ṣe? Mo sá lọ sí ṣáláńgá, mo ti ara mi mọ́ ibẹ̀ láìní ohunkóhun tí mo fẹ́ ṣe, títí obìnrin kan nínú ilé fi kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ kú síbẹ̀ ni? Àwa náà ní ikùn o!"

Mo padà wọlé. Sílífá ò gbójú sókè. Òun ló mú Rùká lọ wọn aṣọ náà kí ibà tó dé, Godwin sì dá a mọ̀ bó ṣe ń kọjá ní Boundary lọ́jọ́ náà. Ó pè é ní Mama Ruka, ó bi í pé ìgbà wo ni ọmọ máa ti Ìsẹ́yìn dé. Sílífá ní òun gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, òun sì gbé e wálé.

"Kí lo wá sọ fún un?"

"Mo ní ó máa dé láìpẹ́."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, mo ní orí mi ló dàrú. Ó fọwọ́ dá mi dúró.

"Mi ò ní kí ẹ bẹ̀ mí. Láti ọjọ́ tí ọmọ ti kú, a jọ wà nínú yàrá yìí, ẹ ò dárúkọ rẹ̀ sí mi létí. Télọ̀ lẹ ń sọ ọmọ mi fún! Ẹ sọ fún èmi náà. Kí ni Rùká ń ṣe ní Ìsẹ́yìn?"

Mo ní ó ń lọ Kéú. Mo ní ó ń bá ìyá mi pọn omi láàárọ̀.

"Irọ́!" ni Sílífá sọ. "Rùká wo ló máa pọn omi? Ọ̀lẹ tí mo ní láti ta omi sí lójú kó tó dìde?"

Ẹ̀rín bú mọ́ wa lẹ́nu. Ẹ̀rín yẹn ò tíì tán tó fi di ẹkún. Sílífá fi léèsì bojú, mo gbé orí lé itan rẹ̀, mo ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so. Bàbá onílé wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní ká rántí Ọlọ́run.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ni Sílífá wí, "ẹ jẹ́ ká rántí Rùká ná."

Wọ́n rọra lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ jẹ́wọ́ fún Godwin. Ó dá ẹ̀rọ dúró. "You for tell me since," ló sọ níkẹyìn, omijé ń kán sórí aṣọ aláṣọ.

Ṣé ìbànújẹ́ wá tán? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀! A bí ọmọ méjì míì, kò sí Rùká nínú wọn. Ṣùgbọ́n egbò náà bẹ̀rẹ̀ sí í jinná, nítorí a ti ń ṣí i wò.

Ìwé tí mo kà ò pọ̀, prámárì fáìfù ni mo ti dúró. Àmọ́ mo mọ èyí: àwọn tó ní kí ẹ má dárúkọ òkú yín, ire ni wọ́n rò, ṣùgbọ́n wọn ò ní bá yín sùn nínú yàrá yín. Ẹ wá ẹni tó mọ olóògbé, kí ẹ jọ sọ ọ́, kí ẹ jọ sunkún. Ẹ má lọ máa parọ́ fún télọ̀!

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ni wọ́n ní kí ẹ má dárúkọ mọ́? Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀ níbí, kí ẹ sì sọ ohun kan tó máa ń ṣe tó ń bí yín nínú. Màá ka gbogbo rẹ̀, màá sì pe orúkọ náà sókè.